Piriton lè mú ẹ sùn, kò lè gbé ẹ kúrò nínú ìsoríkọ́

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Gbólóhùn kan wà tí mò ń rí lórí ayélujára, tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwa ọ̀dọ́ láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́: "Tí ayé bá sú ẹ, gbé Piriton méjì mì, kí o sùn." Wọ́n á fi ẹ̀rín sí i, èèyàn á pín in káàkiri. Èmi ò rí nǹkan ẹ̀rín níbẹ̀, mo sì máa sọ ìdí ẹ̀.

2/
Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ: oorun kì í ṣe ìwòsàn. Tí a bá mọ ibi tí Piriton ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, a máa mọ ìdí tó fi ń mú wa sùn, a máa mọ ìdí tí kò fi lè wo ìsoríkọ́, a sì máa mọ ìdí tí àwọn èèyàn kan fi ń ju oògùn ìsoríkọ́ gidi dànù kó tó ṣiṣẹ́. Mi ò kì í ṣe dókítà o. Bàókẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì, fọ́rán ṣíṣe ni mo fi ń jẹun báyìí.

3/
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí histamine. Kẹ́míkà tí ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe ni. Tí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, tí ojú ibẹ̀ wú, tó ń yún ẹ, histamine wà nídìí ẹ̀. Nínú ikùn, ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ásíìdì jáde kí oúnjẹ lè dà. Nínú ọpọlọ, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe: ó ń jẹ́ kí ojú wa là. Àwọn iṣan kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń tú histamine síta nígbà tí a bá wà lójúfò. Tí a bá ti sùn, wọ́n á dákẹ́.

4/
Ṣùgbọ́n histamine ò lè dá iṣẹ́ ṣe. Ó gbọ́dọ̀ rí ibi jókòó sí. Ibi ìjókòó yẹn ni wọ́n ń pè ní receptor. Mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ mọ̀: H1, H2, H3 àti H4. Ẹ wo dánfó tó fẹ́ gbéra ní Gáréèjì Ìkòròdú, tó ń lọ sí Ìtóìkín. Bí èrò ò bá jókòó, ọkọ̀ ò ní lọ. Piriton ni ẹni tó wọlé, tó jókòó pa sáàyè H1, tí ò sanwó, tí ò sì sọ̀kalẹ̀. Histamine dé, kò ráyè. Ọkọ̀ ò gbéra.

5/
Tó bá jẹ́ H1 tó wà lára awọ ni, ara ò ní yún ẹ mọ́. Tó bá jẹ́ H1 tó wà nínú ọpọlọ ni, ojú ẹ ò ní là mọ́. Ìdí nìyẹn tí oògùn ara yíyún fi ń mú èèyàn sùn. Ẹ tún wo loratadine: oògùn ara yíyún ni òun náà, H1 kan náà ló ń jókòó sí, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ọpọlọ, kì í sì í mú ọ̀pọ̀ èèyàn sùn. Ibi tí oògùn bá wọ̀ ló ń fi iṣẹ́ hàn.

6/
Báwo ni Piriton ṣe wá di ará ilé wa? Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè nípa chloroquine. Kó tó di 2005 tí ìjọba àpapọ̀ yí oògùn ibà padà sí ACT, chloroquine ni gbogbo ilé ń lò. Ara ń yún ọ̀pọ̀ nínú wa lórí ẹ̀ bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Àwọn ìyá wa á ra chloroquine, wọ́n á ra Piriton mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tiẹ̀ fi àwọn méjèèjì pọ̀ ṣèwádìí lórí àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe láàárín ọdún 1990 sí 2000, wọ́n sì rí i pé ó ń ran chloroquine lọ́wọ́.

7/
Ibi tó dùn ún gbọ́ nìyí. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà rí i pé ibòmíràn ni chloroquine máa ń gbà mú ara yún wa, kì í ṣe ọ̀nà histamine gangan. Abájọ tí ara fi ń yún ọ̀pọ̀ èèyàn lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti lo Piriton! Àmọ́ ó mú wọn sùn. Ẹni tó sùn ò họra púpọ̀. Ilé sì gbà pé oògùn náà ti jẹ́.

8/
Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú, torí nǹkan kan náà là ń ṣe pẹ̀lú ìsoríkọ́ lónìí. Ẹni tó sùn ò sunkún. Ilé á gbà pé ara ti yá.

9/
Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé "àwa Yorùbá ò ní depression, àrùn òyìnbó ni": Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tó dá ètò abúlé ìwòsàn sílẹ̀ ní Arò lọ́dún 1954, wà lára àwọn tó bá Alexander Leighton ará Amẹ́ríkà wọ ìlú àti abúlé ní agbègbè Abẹ́òkúta. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé bí kò tiẹ̀ sí orúkọ kan pàtó tí àwọn èèyàn wa ń pe ìsoríkọ́ nígbà náà, àwọn àmì ẹ̀ wà lára wọn.

10/
Èdè tí a fi ń sọ ọ́ ló yàtọ̀. Lọ́dún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ níbí, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń sọ pé orí àwọn ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, ìwé ò wọlé mọ́. Títí dòní, ẹni tí ìsoríkọ́ ń ṣe lè má sọ pé inú òun bàjẹ́. Á ní, "Nǹkan ń rìn mí lára, mi ò rí oorun sùn." Ẹ wá rò ó wò: tí o bá sọ gbólóhùn yẹn ní kẹ́míìsì àdúgbò, kí ni wọ́n máa gbé fún ẹ?

11/
Piriton. Torí nǹkan ń rìn ẹ́ lára, torí o ò rí oorun sùn. Ìdáhùn yẹn bá ohun tí o sọ mu pátápátá, kò sì kan ohun tó ń ṣe ẹ́ rárá. Mi ò bú àwọn tó ń ta oògùn ní àdúgbò o. Àwọn ló sún mọ́ wa jù, wọ́n ń tà wá láwìn, wọn kì í ní ká gba káàdì. Ìbéèrè kan péré ni wọn ò bi wá: "Kí ló dé tí oorun ò fi kùn ẹ́?"

12/
Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ẹ̀pẹ́, ó gbà kí n sọ èyí láì dárúkọ òun. Ó parí ìsìnrú ìlú, iṣẹ́ ò sí, ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja. Oorun dá. Wọ́n ta Piriton fún un, ó lo ẹyọ kan, ó sùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó di méjì. Nígbà tó yá, ó di mẹ́rin lálẹ́. Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ òun ti ń rí oorun sùn.

13/
Àmọ́ ọmọ náà kì í fẹ́ wẹ̀ mọ́. Kì í gbé fóònù. Ẹja tútù tó fẹ́ràn jù, kò wò ó. Ọjọ́ tí mo lọ kí i, ó ní, "Oorun yẹn máa ń dùn ún sùn. Jíjí ni mi ò rí ìdí ẹ̀." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. A ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

14/
Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ẹyọ kan fi di mẹ́rin. Ara máa ń tètè mọ́ irú oorun bẹ́ẹ̀ lára. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iye tó ń gbé ẹ lọ tẹ́lẹ̀ ò ní gbé ẹ mọ́. Èèyàn á fi kún un. Oorun ò ní pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìyókù iṣẹ́ oògùn náà ò dúró: ẹnu á máa gbẹ, ìtọ̀ ò ní fẹ́ jáde, ojú á máa ṣú, ọpọlọ ò ní já geere láàárọ̀. Tí ọtí tàbí tramadol bá tún wọ̀ ọ́, ewu ńlá ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

15/
Ó wá ku ibi tó máa ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu. Inú ìdílé Piriton gan-an ni oògùn ìsoríkọ́ ti jáde wá! Daniel Bovet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí oògùn tó ń dí histamine lọ́wọ́ ní Paris lọ́dún 1937, ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1957. Látinú irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń wá oògùn mìíràn. Imipramine wá látinú wọn. Roland Kuhn, dókítà kan ní Switzerland, fi í tọ́jú àwọn aláìsàn, ó rí i pé ìsoríkọ́ ló ń gbà, ó sì kéde ẹ̀ ní 1957.

16/
Ó tún kù. Lọ́dún 1969, Arvid Carlsson ní Sweden rí i pé chlorpheniramine, ìyẹn Piriton wa yìí gan-an, máa ń dí iṣan lọ́wọ́ díẹ̀ kó má tètè kó serotonin padà. Serotonin jẹ́ kẹ́míkà ọpọlọ tí ọ̀pọ̀ oògùn ìsoríkọ́ ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Látinú mọ̀lẹ́bí Piriton ni wọ́n ti ṣe zimelidine. Fluoxetine tí ẹ mọ̀ sí Prozac, ara mọ̀lẹ́bí diphenhydramine, tó jẹ́ oògùn ara yíyún mìíràn, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1987.

17/
Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ibí: "Ṣébí ìwọ náà ti sọ pé Piriton ń ṣe nǹkan sí serotonin!" Dúró ná. Iṣẹ́ tí Piriton ń ṣe sórí H1 lágbára ju èyí tó ń ṣe sórí serotonin lọ fíìfíì. Kó tó ṣe gúnmọ́ sí serotonin, H1 ti gbé ẹ ṣubú tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ò fi dúró sídìí Piriton. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tún un ṣe títí wọ́n fi rí èyí tó dojú kọ serotonin, tó sì fi H1 sílẹ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ò jọra.

18/
Àmọ́ kì í ṣe gbogbo oògùn ìsoríkọ́ ló fi H1 sílẹ̀. Amitriptyline, tó wọ́pọ̀ ní ọsibítù wa torí kò wọ́n, ṣì ń jókòó lé H1 gan-an. Mirtazapine náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oorun fi ń kun àwọn tó ń lò wọ́n, tí àwọn kan fi ń sanra. Nígbà mìíràn, dókítà mọ̀ọ́mọ̀ yàn wọ́n fún ẹni tí ò rí oorun sùn tí ò sì lè jẹun. H1 ń ṣèrànwọ́ níbẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ gidi wà lọ́wọ́ àwọn apá mìíràn tí oògùn náà ń ṣiṣẹ́ lé.

19/
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì: oorun H1 máa ń dé lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Ìwòsàn ìsoríkọ́ kì í dé lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́fà. Àárín ìgbà méjèèjì yìí là ń pàdánù èèyàn sí.

20/
Ẹni àkọ́kọ́ á lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, á sùn bí òkúta, á ní, "Oògùn yìí fẹ́ sọ mí di ọ̀lẹ," á jù ú nù. Ẹnì kejì á sùn dáadáa lọ́sẹ̀ kan, á ní, "Ara mi ti yá," òun náà á dáwọ́ dúró. Ọ̀kan bínú, èkejì dunnú, àmọ́ àṣìṣe kan náà ni wọ́n ṣe: oorun ni wọ́n fi ń wọn oògùn. Ìsoríkọ́ ṣì wà níbi tó wà.

21/
Bó ṣe fẹ́ rí fún ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí wọ́n fún un ní oògùn, oorun gbé e lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ débi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ da oògùn náà sí ṣáláńgá. Ohun tó gbà á ni pé dókítà ti sọ fún un tẹ́lẹ̀: "Oorun ló máa kọ́kọ́ dé, ìtura ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí ó bá pọ̀ jù, padà wá bá mi, má dá a dúró fúnra ẹ." Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó pè mí láàárọ̀ kùtùkùtù, òun àti ìyá rẹ̀ ti wà lọ́jà ẹja Olúwo. Ó ń bínú pé ẹja ti gbówó lórí. Mi ò gbọ́ ìbínú tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

22/
Ṣé ìwádìí ti parí lórí histamine àti ìsoríkọ́? Rárá. Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ ní Jàpáànì fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn èèyàn díẹ̀ tí ìsoríkọ́ ń ṣe. Wọ́n rí i pé ohun tó ń so mọ́ H1 ní apá iwájú ọpọlọ wọn kéré sí tàwọn tí ara wọn dá. Ìwádìí kékeré ni, àmọ́ kò sí ibi tó ti sọ fún wa pé ká tún lọ dí H1 tó kù.

23/
Lọ́dún 2021, Parastoo Hashemi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Imperial College London ṣèwádìí lórí eku. Nígbà tí ara eku bá wú tó gbóná látinú bí ara ṣe ń bá àìsàn jà, histamine á pọ̀ nínú ọpọlọ, serotonin á wálẹ̀, oògùn tó yẹ kó gbé serotonin sókè ò sì ní lè gbé e tó. Ìròyìn yẹn kárí ayélujára. Àwọn kan ti ń tà á fún wa báyìí: "Histamine ló fa depression, ra èyí."

24/
Ẹ fura o. Àkọ́kọ́, eku ni. Ìkejì, receptor tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni H3, kì í ṣe H1 tí Piriton ń jókòó lé. H3 dà bí kọ́ńdọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà: ó ń dín iye kẹ́míkà tó ń jáde látẹnu iṣan kù, títí kan serotonin. Oògùn kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lórí H3, pitolisant, àmọ́ àrùn oorun àsùnjù ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, kì í ṣe ìsoríkọ́. Gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì Piriton tó wà ní Sábó ò lè ṣiṣẹ́ H3.

25/
Kí wá ni ṣíṣe? Tí inú ẹ bá ti bàjẹ́, tàbí tí ohun tó ń dùn mọ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ò bá dùn mọ́ ẹ mọ́, tó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, lọ rí dókítà. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Sọ fún wọn tààrà, má fi ibà bò ó. Sọ iye Piriton tí o ń lò, má dín in kù. Tó bá yẹ kí wọ́n kọ̀wé fún ẹ lọ síbi tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé èrò láti pa ara ẹ ti ń wá, má dúró kí ọ̀sẹ̀ méjì pé. Pe ẹnì kan kó bá ẹ lọ lónìí.

26/
Mo mọ̀ ohun tó ń dẹ́rù bà yín. Orúkọ Yábàá. Láti ọdún 1907 tí wọ́n ti dá ọsibítù yẹn sílẹ̀ la ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Títí dòní, "Yaba left" lẹnu wa. Àmọ́ ẹni tó wọ BRT láti Ìkòròdú, tó sọ̀ ní Fádèyí, tó yà lọ gba ìtọ́jú, tó padà sílé lọ se ìrẹsì, ṣé wèrè nìyẹn? Láti oṣù kìíní 2023 la ti ní òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà. Òfin ti yí padà, ẹnu tiwa ló kù.

27/
Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn ní àdúgbò, ẹ ṣeun tí ẹ ń dúró tì wá. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò ná yín ní kọ́bọ̀. Tí ọmọdé kan bá ra Piriton lẹ́ẹ̀kẹta láàárín oṣù kan, tí ara ò yún un, tí kò ní ọ̀fìnkìn, ẹ bi í pé: "Ọmọ mi, ṣé kò sí?" Ẹ má bẹ̀rù pé ìbéèrè yẹn máa ti èrò burúkú sí i lórí. Bíbéèrè kì í fa ìpara-ẹni. Ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń dá ẹrù gbé rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

28/
Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ṣe fọ́rán, yẹ̀yẹ́ dùn, mo mọ̀. Èmi náà ń wá èèyàn tó máa wo tèmi. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún tó ń wo yín láago méjì òru ní Ìmọ̀tà, tí oorun dá lójú ẹ̀, kò wá yẹ̀yẹ́ wá. Ìdáhùn ló ń wá. Tí ẹ bá sọ fún un pé kó gbé Piriton mì, á gbé e mì.

29/
Tí o bá mọ ẹnì kan tó ń lo Piriton lálaalẹ́ láìjẹ́ pé ara ń yún un, má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tagbáratagbára, má sì wàásù fún un. Jókòó tì í. Bi í pé, "Tí o bá jí láàárọ̀, báwo ló ṣe máa ń rí lára ẹ?" Kí o wá dákẹ́, kí o gbọ́. Tó bá ní òun ò rí ìdí tó fi yẹ kóun jí, dìde, wọ bàtà, kí ẹ jọ lọ rí dókítà.